Àwọ̀n Tí N Kò Rí

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Hamburg, kí ẹ tó jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Dókítà ní ọkàn mi kò lè la òtútù ọdún yìí já, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ ilẹ̀. Ìran tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́, n kò rí i. Mo hùmọ̀ rẹ̀ ni. Owú ló gbé e sí mi lẹ́nu.

Ẹ mọ Phoebe, àna mi tó ń gbé ní Berlin. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ Níkẹ́ ọmọ mi, àwọn ló bí Dérìnsọ́lá. Èmi ni mo tọ́ Dérìnsọ́lá ní àdúgbò Harburg níhìn-ín. Mo ń fọ ilé ìkẹ́rùsí ní Billbrook ní ìdájí, mo sì ń sáré padà wá di irun rẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó dàgbà, Berlin ló ń lọ ní gbogbo ìsinmi. Kí ló wà níbẹ̀? Lẹ́tà òkú! Phoebe a máa ra lẹ́tà tí àwọn gbajúmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ ara wọn kọ láyé Ọbabìnrin Fitóríà: bíṣọ́ọ̀bù, oníṣègùn, obìnrin òǹkọ̀wé. Ọ̀rá ló ń kó wọn sí bí ẹni tọ́jú aṣọ ìgbéyàwó. N kò gbọdọ̀ gbé tíì wọ yàrá náà.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, obìnrin òǹkọ̀wé kan ló kọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀. Kó má baà lo bébà púpọ̀, nígbà tí ojú ewé kún, ó yí i sí ìbú, ó tún kọ òmíràn lé e lórí. Lójú èmi tí mo ń fi agbára káká ka Bíbélì, àwọ̀n apẹja ni. Dérìnsọ́lá a dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, a sì kà á wàràwàrà. "Oma, guck mal!" Ó ní kí ìyá àgbà wá wò ó; Oma ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níhìn-ín. Phoebe ni Oma, èmi ni Màmá Harburg. Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ni òkú náà wí. Dérìnsọ́lá ní, "Màmá, tí mo bá túmọ̀ ẹ̀, kò ní pa yín lẹ́rìn-ín mọ́." Ó ta mí bí ata ojú.

Dérìnsọ́lá wọlé ọkọ, oyún sì ń bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Ẹkún rẹ̀ dùn mí, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n àyà Phoebe ló sunkún sí. Nígbà tí Phoebe wá bá wa ṣe ìkórè, mo dìde láàárín ìsìn, mo gbọn ara, mo ké "Mímọ́! Mímọ́!" Mo ní mo rí àwọ̀n tí wọ́n fi tádàwà hun, tó bo ilé ọlẹ̀ obìnrin kan nínú ìdílé wa. Wòlíì Akínlolú ní kí a fi àdúrà wádìí rẹ̀. Phoebe kò dúró. Ó ti dìde. "Mo mọ àwọ̀n náà. Inú ilé mi ló wà."

Mo rò pé yóò jiyàn. Ọ̀mọ̀wé ni, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó kàn mú mi lọ sí ọgbà kékeré rẹ̀ ní Berlin, ó dáná sí ààrò tó fi ń sun ẹran, ó ń sọ àwọn lẹ́tà náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ti obìnrin òǹkọ̀wé yẹn, ó nà án sí mi. "Ìyá Níkẹ́, ẹ̀yin lẹ ríran. Ṣé èyí ni? Tí kì í bá ṣe òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀." Mo rántí ẹ̀rín wọn. Mo ní, "Òun gan-an ni." Ó sọ ọ́ síná. Ó wá kúnlẹ̀ fún mi nínú koríko tútù: "Ẹ ṣé tí ẹ kò gbé ọ̀rọ̀ ọmọ wa mì." Inú mi sì dùn, Ọlọ́run gbọ́! Inú mi dùn títí ọkọ̀ ojú irin fi gbé mi dé Harburg.

Ọmọ ti dé báyìí, Olúwadárasími. Ẹ ní nítorí ìran mi ni, kí n gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Kò sí ìran. Ọlọ́run fún wọn lọ́mọ láì bi mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí àgbàlagbà bá ní Ẹ̀mí kọ ohun tí ẹ fẹ́ràn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Dérìnsọ́lá, foríjì mí. Phoebe, n kò lè dá lẹ́tà kan padà fún yín, n kò sì ní bẹ̀ yín pé kí ẹ má sunkún. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé ọmọ náà. Èmi yóò jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá fẹ́ lé mi jáde má baà rìn jìnnà.