Ọlọ̀tẹ̀ Tí Mo Ṣe Lẹ́wà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Èmi ni mo kọ ewì gígùn nípa ogun ọ̀run, èyí tí à ń ké nígbà ìkórè. Ẹ sì mọ ẹni tí ẹ máa ń pàtẹ́wọ́ fún jù nínú rẹ̀: áńgẹ́lì ọlọ̀tẹ̀. Èmi ni mo fún un láyà kìnnìún. Èmi ni mo foyin sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kẹta ààwẹ̀ mi, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fà mí lọ́wọ́. A gba ibi ìsinmi kọjá; mo rí ìyá mi tó ti kú lábẹ́ igi, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ ti nà. Mo fẹ́ dúró. Olùtọ́nà mi ní, "Kì í ṣe ìhín la rán ọ wá."

Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, ooru gbá mi lójú. Mo rí òpùrọ́ tí ń gé ahọ́n ara wọn jẹ, mo rí alágbèrè, mo rí ìjòyè tó ń ni tálákà lára. Láàárín iná náà lẹnìkan dúró ṣánṣán, kò ké, kò bẹ̀bẹ̀. Mo dá a mọ̀: ọlọ̀tẹ̀ inú ewì mi ni. Omi bọ́ lójú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, akọni lèyí. Ṣé kò sí àánú fún un ni?"

"Ọlọ́run ló fún un nígboyà. Wo ohun tó fi ṣe. Wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo wò, yéè! orí ènìyàn ni, orí ènìyàn ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí iná má bàa kan òun lẹ́sẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń ké, síbẹ̀ wọ́n ń yìn ín, ọ̀rọ̀ ewì mi ni wọ́n sì fi ń yìn ín, mo fẹ́ sá, ọ̀kan gbójú sókè, Jọláadé ni, Jọláadé tó ń kọ́ ewì lọ́dọ̀ mi!

"Jọláadé ò tíì kú!" ni mo pariwo.

"Ìdí nìyẹn tí o fi wá," ni olùtọ́nà mi wí.

Mo jí, òógùn ti rin ẹní. N ò wọ bàtà tí mo fi sáré délé Jọláadé. Mo bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú. Jọláadé ló lù ú. Ó ní akọni kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni. Mo rọ́ ìran náà fún ọmọ ọ̀hún. Ó wò mí.

"Ìyá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́?"

Ó kó ẹrù rẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀yin ará, ìkà a máa láyà. Ibẹ̀ gan-an lewu rẹ̀ wà. Ẹ má jẹ́ kí ìgboyà ẹnikẹ́ni fọ́ yín lójú. Jọláadé ò sí nínú ìsìn yìí. Ẹni tó bá mọ ibi tó wà, kó jọ̀ọ́ dìde, ká máa lọ.