Àgbébọ̀ Funfun Tó Jẹ Ọbẹ̀ Iléyá Mi

Ìyá Àkíbù, adìẹ ni! Àgbébọ̀ funfun Ìyá, èyí tó máa ń sàba lẹ́yìn àká, òun ni mo bá lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ yìí tí gbogbo àyà rẹ̀ pọ́n fòò, bí ẹni pé wọ́n dúńbú rẹ̀ lánàá tó kọ̀ tí kò kú! Súbúhánálláhì! Mo ní ta ló fi ọ̀bẹ ọdún ṣe irú àṣìṣe yìí? Ṣùgbọ́n adìẹ ń rìn, adìẹ ń jẹ̀, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Mo ki í mọ́lẹ̀, mo fi ìka nu àyà rẹ̀, mo gbé ìka sí imú: tàtàsé, àlùbọ́sà, efinrin. Efinrin tí mo já létí ògiri yàrá mi! Ọbẹ̀ mi ni, Ìyá Àkíbù. Ọbẹ̀ Iléyá tí mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé fún Ìyá lánàá, lórí ìkúnlẹ̀, òun ló wà nínú páànù adìẹ, tẹran-tẹran.

Ẹ má sọ fún mi pé ó dà nù ni. Ọbẹ̀ tó bá dà nù kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹ̀yìn àká. Wọ́n rọra gbé e lọ síbẹ̀ ni, wọ́n dà á, wọ́n fọ abọ́ mi mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi àdúrà dá a padà fún mi: "Mùínàtù, Ọlọ́run á bùkún ọ, ọbẹ̀ náà dùn." Ó dùn! Ta ló sọ fún wọn pé ó dùn? Ṣé adìẹ ni?

Rárá, n kò fẹ́ omi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí n tó mumi.

Ẹ̀yin ni mo wá bá, torí pé ẹ̀yin lẹ bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọ ilé ọkọ. Bí ẹ tilẹ̀ wà nílé ọkọ yín, kò sí ohun tó ṣú lójú yín nínú ọ̀rọ̀ ìyá yín. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ti lánàá nìkan. Láti ìgbà tí àbúrò yín Mùkáílà, ọkọ mi, ti kú ní 1989, oúnjẹ ọdún mi kan kò gba ọ̀nà ọ̀fun Ìyá kọjá. Ní Ìtúnu Ààwẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní eyín ń ro wọ́n. Mo gbà. Nígbà tí Iléyá dé, wọ́n ní inú wọn kún, kí n gbé e fún àlejò. Mo gbà bẹ́ẹ̀ náà. Kẹ́místírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tíì di ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ bákan náà lọ́dọọdún, ó ní ìdí, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ á rí ìdí náà.

Mo fara balẹ̀. Mo ṣe é bí mo ṣe ń kọ́ wọn ní kíláàsì: yí ohun kan padà, fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o sì máa wò ó. Mo yọ ata kúrò. Ìyá kò jẹ. Mo dá ata padà, mo dín iyọ̀ kù. Ìyá kò jẹ. Mo ní bóyá ẹran ló le, mo se é títí tó fi ń bọ́ lára egungun fúnra rẹ̀. Àlejò ló gbádùn rẹ̀. Mo fi ìrẹsì sílẹ̀, mo gún iyán. Mo fi òróró sílẹ̀, mo fi epo pupa sè é bíi tayé àtijọ́. Mo dán gbogbo rẹ̀ wò. Ohun kan ṣoṣo tí n kò pààrọ̀ ni ìkòkò, ta ni yóò sì pààrọ̀ ìyẹn? Ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Ìyá fúnra wọn gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n ní kí n máa fi bọ́ ọmọ àwọn! N kì í gbé e kaná àfi lọ́jọ́ ọdún. Iwájú yàrá Ìyá ni mo sì máa ń gbé e kaná sí, kí wọ́n lè máa rí i. Mo ní bí ọwọ́ mi kò bá tó, ìkòkò yẹn á bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ẹ tún wá gbọ́ èyí tí kò bá ara mu. Lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọdún, Ìyá ń jẹun mi! Mọ́ínmọ́ín tí mo sè lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ewé. Ìlasá tí mo fi ìkòkò kékeré sè lórí sítóòfù, wọ́n ní kí n bù kún un. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n kórìíra, ṣé ọwọ́ mi ń yí padà lọ́jọ́ ọdún ni? Bó bá sì jẹ́ májèlé ni wọ́n ń bẹ̀rù, ṣé májèlé ń wo kàlẹ́ńdà ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, Ìyá Àkíbù! Ẹ má dì mí lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi. Èmi ni mo se oúnjẹ tí Mùkáílà jẹ kẹ́yìn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Èmi náà jẹ níbẹ̀. Wúràọlá ọmọ wa jẹ níbẹ̀. Dókítà ní ìfun ló bẹ́ sí i níkùn. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ti dókítà nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò Pàkó? Mo ń pọn omi, wọ́n ń fojú sọ̀rọ̀. Mo fi eyín di ètè. Mo ní kí ayé máa sọ tiwọn, Ìyá mọ̀ mí. Ìyá tó gbé orí mi lé itan wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé òkú ọmọ wọn jáde, tí wọ́n ń sọ pé, "Mùínàtù, ìwọ ló kù mí kù." Ìyá mọ̀ mí, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi lóròòwúrọ̀, títí di àárọ̀ yìí tí mo rí adìẹ.

Lánàá ló dùn mí jù. Torí pé lánàá, wọ́n gba abọ́ náà! Wọn kò pe àlejò, wọn kò pe eyín. Wọ́n gbà á, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìyá Àkíbù, mo jókòó ti iná tó ti kú, mo sì sunkún ayọ̀. Mo rántí bí àbúrò yín ṣe máa ń ṣa ẹran tó rọ̀ fún Ìyá, tí Ìyá á máa fi ìka nu ìsàlẹ̀ ìkòkò yẹn, tí wọ́n á ní àgbà tó bá lóun ò lá ọbẹ̀ yìí, àgàbàgebè ni. Mo ní ó ti parí, wọ́n ti dárí ohun tí n kò ṣe jì mí. Ẹ ò rí i bí mo ṣe gọ̀ tó?

Mo ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Bàbá mi ṣì wà láyé ní Lánlátẹ̀, yàrá mi sì wà níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀ mí. Obìnrin tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń da oúnjẹ rẹ̀ fún adìẹ, kí ló tún kù tó ń ṣe nílé ọkọ, tí ọkọ pàápàá kò sí? Ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, lójú mi, bóyá èmi ni mo pa ọmọ wọn. Kí wọ́n dáhùn kí n tó...

Ìyá Àkíbù? Kí lẹ ń sunkún sí? Èmi ni wọ́n ṣẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń sunkún!

Ìkòkò? Kí ló ṣe ìkòkò?

Ẹ sọ ọ́ sókè.

Ọjọ́ wo? Ọjọ́ kẹjọ Mùkáílà? N kò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Inú yàrá opó ni mo wà. Mò ń gbọ́ ohùn yín nídìí àdògán, mò ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tí àwọn alùfáà fẹ́ jẹ, n kò béèrè ohun tẹ́ ẹ fi ń sè é. Ta ni yóò béèrè irú ìyẹn? Ẹ̀yin lẹ wá ìkòkò tó tóbi tó, tí kò sí? Ẹ̀yin lẹ wọ ilé ìdáná mi? Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà sí ààyè rẹ̀, ẹ kò sì sọ fún mi! Mo ń fi eérú bó o lọ́dọọdún títí tó fi ń dán, mo ń gbé e kaná síwájú ìyá ọlọ́mọ, mo sì ń kúnlẹ̀ pé kí wọ́n jẹ!

Ìyá náà kò lè sọ ọ́? Kí n má baà rò pé wọ́n ń gba ẹ̀bùn wọn padà, pé wọ́n ń lé mi? Ohun tí wọ́n sọ fún yín nìyẹn? Wọ́n gba abọ́ lánàá torí pé ojú mi ń ṣe wọ́n láàánú?

Háà, Ìyá mi.

Kì í ṣe ata. Kì í ṣe ọwọ́ mi. Òbí kì í jẹ sàráà òkú ọmọ rẹ̀, kì í sì í jẹ nínú ohun tí wọ́n fi sè é. Ìkòkò tí Ìyá fún mi kí n máa fi bọ́ ọmọ wọn, òun lẹ fi se sàráà òkú rẹ̀.