Ọmọ Mi Bọ́ Láti Ipò Kẹta Sí Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n

"Ìyá Mofẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá rí mi. Bí a kò bá tètè mójú tó ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ yín lè tún SS2 kà."

Iṣẹ́ tí olùkọ́ kíláàsì ọmọ mi fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi nìyẹn ní ìparí táàmù kejì. Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Mofẹ́ gba ipò kẹta ní táàmù kìíní. Nígbà tí ó mú káàdì èsì tuntun dé, ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n ni mo rí níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Mọ́mì, mi ò mọ̀. Mo kàwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

N kò gbà á gbọ́. Mo gba fóònù ọwọ́ rẹ̀. Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. Ní ìdájí, mo ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá ipò ọmọ mi padà, kí ó má di ẹni ẹ̀yìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n lọ rí olùkọ́ náà. Mo ti bá ilé ẹ̀kọ́ kan sọ̀rọ̀ ní Òṣogbo. Wọ́n ní àwọn á gbà á, ṣùgbọ́n SS1 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ parí ètò náà, ọkọ̀ wa gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọjá ní Iléṣà níbí. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé kí n sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Bí mo ṣe wọlé ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lóṣòó tì mí bí òṣómàáló. N kò jẹ yín ní ipò kẹta."

Ó ní ní táàmù kìíní, kíláàsì Mofẹ́ nìkan ni wọ́n kà, ọgbọ̀n ọmọ. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo SS2 ni wọ́n kà pọ̀, láti A dé E, wọ́n sì lé ní àádọ́jọ. Ìpíndọ́gba àmì rẹ̀ kúrò ní 61, ó di 64. Ọmọ mi gòkè ni.

"Kí wá ni ìkìlọ̀ yín, sà?"

"Máàsì, mà. 34 ló gbà. Níbí, ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú Máàsì tàbí Gẹ̀ẹ́sì kò ní wọ SS3, ì báà gba ipò kìíní."

N kò lọ sí Òṣogbo mọ́. Ohun tó fẹ́ dá ọmọ mi dúró gan-an, n kò tíì fi ìgbà kan dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Láti ọjọ́ náà, Mofẹ́ ń dúró gba lẹ́sìnnì lẹ́yìn ìwé, èmi náà sì yí àdúrà mi padà. N kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní lọ́gárídíìmù, ṣùgbọ́n mo ń dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Àyà mi kò yéé já títí èsì táàmù kẹta fi jáde.

Máàsì, 52. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ káàdì pé kí ó wọ SS3. Ipò rẹ̀ jẹ́ ìkẹtàlélọ́gbọ̀n.

Arábìnrin kan bi mí pé, "Ìkẹtàlélọ́gbọ̀n náà lẹ fẹ́ lọ fi jẹ́rìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọmọ mi ti wà ní SS3."

Ẹ bá mi yọ̀, kí ògo jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín: bí káàdì èsì bá dé, kí ẹ tó jágbe mọ́ ọmọ, kí ẹ tó gbé e kúrò, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè iye ọmọ tí wọ́n kà pọ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tó lè mú un tún kíláàsì kà.