Orúkọ tí Ọkọ Mi Kọ̀ láti Pè

Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá yìí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé jọ ní Gouka láti kí bàbá arúgbó kan tó wá bẹ̀ wọ́n wò. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, orúkọ bàbá náà sì ni. Ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Nígbà tó yá, ó wò yí ká, ó ní, "Àkọ́kọ́ yín ńkọ́?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, nítorí ọmọ mi ni àkọ́kọ́ wọn, kò sì wá. Ọkọ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dorí kodò. Kí ni n bá sọ fún àlejò náà? Mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Irọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí n kò lè sọ lójú agbo lọ́jọ́ náà, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí nínú.

Ọmọ Gouka ni mí, ní agbègbè Bantè. Aṣọ ni mo ń rán. Tíṣà ni ọkọ mi. Bantè gan-an ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Savalou ni ìjọba gbé e lọ kọ́ni, ibẹ̀ la sì fi ṣe ilé. Ìfẹ́ wà láàárín wa, n kò ní purọ́. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé oyún kì í dúró lára mi. Bó bá ṣe díẹ̀, á wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Tàǹtí, á wá láti Bantè, á jókòó sí pálọ̀ wa, á ní ẹ̀yìn òun ti ń tutù, òun kò rí ọmọ àbúrò òun gbé pọ̀n. Nígbà tí oyún kan wá dúró tí ikùn mi fi yọ, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Gouka kí n lè sinmi, torí ó mọ̀ pé bí mo bá wà ní Savalou, n kò ní fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀.

Àsìkò òjò ni ọmọ múra àtiwá, oṣù rẹ̀ kò sì tíì pé. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ló wà ní ilé ìwòsàn kékeré ibẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọmọ ìsàlẹ̀ létí òkun ni, èdè wa kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó yẹ̀ mí wò, ó ní ọmọ náà dábùú, pé àfi kí wọ́n gbé mi dé Bantè fún iṣẹ́ abẹ. Kò sí mọ́tò. Wọ́n pe ọlọ́kadà kan, zémìjàn tiwa níbí. Ó jókòó níwájú, èmi wà láàárín, dókítà wà lẹ́yìn, ó fi apá méjèèjì gbá mi mú kí n má baà ṣubú. A dé ibì kan tí omi ti bo ọ̀nà, ọ̀kadà kò sì lè gbé wa kọjá. Ọkùnrin yìí bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó gbé mi bí ẹní gbé ọmọ ọwọ́, ó la omi náà kọjá. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró, wọ́n ń wò wá. Mo ń ké, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ dáadáa nínú èdè wa: "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́."

Ọlọ́run bá wa ṣe é. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n gbé ọmọkùnrin jáde láàyè. Nígbà tí ọkọ mi fi ti Savalou dé, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún. Ó gbé ọmọ, ó wò ó, ó wá lọ bá dókítà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Ó ní, "Ọ̀gá, kí lorúkọ yín?" Ọkùnrin náà ní, "Adéodat." Ọkọ mi ní òun kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Dókítà ṣàlàyé pé ìyá òun ti sin ọmọ púpọ̀ kó tó bí òun, pé fàdá tó ṣe ìrìbọmi fún òun ló mú orúkọ náà wá láti inú èdè Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé Ọlọ́run ló fún wa. Ọkọ mi ní, "Èyí tí Ọlọ́run fún èmi náà nìyí. Adéodat ni yóò máa jẹ́." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí i dáadáa: ẹnu ọkọ mi ni orúkọ náà ti jáde, kì í ṣe ẹnu tèmi. Orí ibùsùn ni mo wà, n kò tilẹ̀ lè jókòó.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìrìbọmi ní Savalou, fàdá àgbàlagbà kan jẹun pẹ̀lú wa. Ọlọ́yàyà èèyàn ni. Ó ní orúkọ ọmọ wa ṣọ̀wọ́n, pé ọmọ ẹni mímọ́ kan tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù láyé àtijọ́ ló jẹ́ ẹ, pé kí bíṣọ́ọ̀bù náà tó di onígbàgbọ́ ló bí ọmọ náà fún obìnrin kan tí kò gbé níyàwó. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tàǹtí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọ ilé ìdáná, mo bá a níbẹ̀ tó ń sọ fún àwọn obìnrin pé, "Ẹ ò gbọ́ bí? Ọmọ àlè ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Bàbá ọmọ wà láàyè, wọ́n wá ń fi orúkọ ọkùnrin mìíràn pe ọmọ. Ọkùnrin tí ará oko rí tó gbé ìyàwó oníyàwó mọ́ àyà!" Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ta ló lè kó o?

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọkọ mi, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ lára lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ ní kí n má lọ sí Gouka fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bi mí pé báwo ni èmi àti dókítà yẹn ṣe mọ ara wa ṣáájú ọjọ́ ìbí. Mo ní, "Bàbá Adéodat, ẹ̀yin lẹ sọ ọmọ lórúkọ." Ó ní, "Ìwọ lo fi sí mi lẹ́nu. Má sì fi orúkọ yẹn pè mí mọ́." Láti ọjọ́ náà kò pe ọmọ lórúkọ mọ́. "Ọmọ yìí" ni. "Ìwọ" ni. "Sọ fún ọmọ rẹ" ni. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i lọ́jà pé, "Bàbá Adéodat, ẹ kú ọjà," á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò nà mí, kò fi ebi pa wá, ó san owó ilé ìwé. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ọkọ mi dáa. Ṣé ẹ̀yin mọ bó ṣe ń rí kí ọmọ kékeré gbé ìwé wá pé òun gba ipò kìíní, kí bàbá rẹ̀ sì ní, "Ó dáa, gbé e fún ìyá rẹ"?

Nígbà tí wọ́n gbé dókítà lọ síṣẹ́ ní òkè lọ́hùn-ún, lápá àríwá, àwọn obìnrin Gouka kó ọmọ wọn lọ dágbére fún un. Èmi kò lè lọ. Ẹni tó gbé mi la omi kọjá, n kò lè sọ fún un pé ẹ ṣé.

Ṣùgbọ́n orúkọ ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ẹnì kan. Bí dókítà ṣe ń gbẹ̀bí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ń sọ ọmọkùnrin wọn ní Adéodat, ní Gouka, dé Atokoligbé. Nígbà tó lọ tán, wọn kò dẹ́kun. Àwọn àgbà tí kò gbọ́ Faransé kò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ fàdá ni. Wọ́n ń pè é ní Adé-ó-dáa, wọ́n ní orúkọ ilẹ̀ wa ni, pé adé ọmọ náà yóò dára. Mo gbọ́ pé ìdílé mùsùlùmí kan sọ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ mi ti wà ní kọlẹ́ẹ̀jì nígbà tí wọ́n rán ọkọ mi lọ ṣọ́ ìdánwò àwọn ọmọ kéékèèké ní Gouka. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe àwọn ọmọ wọlé. Ó pe Adéodat kan, ọmọ náà jẹ́ ẹ. Ó tún pe òmíràn, òmíràn tún jẹ́ ẹ. Ó tún pe òmíràn. Nígbà ìsinmi, ó bi obìnrin kan tó gbé oúnjẹ wá fún ọmọ rẹ̀ pé kí ló dé tí orúkọ yìí fi pọ̀ tó báyìí. Obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ọ̀gá, orúkọ dókítà wa ni. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń bà wá láti sọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà wí ìwíkúwìí. Ṣùgbọ́n tíṣà kan ní Savalou ló kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n ní ó sunkún lójú gbogbo èèyàn, ó sì fi orúkọ dókítà sọ ọmọ rẹ̀ láti fi dúpẹ́. A ní bí tíṣà tó mọ̀wé bá ṣe é, kò sí ohun tó burú níbẹ̀."

Ọkọ mi délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò lè jẹun. Ó sọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà fún mi láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú yàrá, ó ní, "Ìyá Adéodat, mo ṣẹ̀ ọ́." Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ọmọ ti ń fọ aṣọ, ó pè é: "Adéodat!" Ọmọ kò gbójú sókè. Ó tún pè é. Ọmọ wá ní, "Bàbá, èmi lẹ ń pè? Ayédùn ni mò ń jẹ́." Orúkọ tí ìyá mi sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má fi èkejì pe òun mọ́. Ó ní orúkọ tí kò ṣeé pè lẹ́nu bàbá òun, òun kò fi dá ara òun lọ́ṣọ̀ọ́.

Tàǹtí ti kú báyìí, kò sì bẹ̀ mí kó tó lọ. N kò bínú sí òkú. Parakou ni ọmọ mi ń gbé, ó níṣẹ́, ó níyàwó. Lẹ́yìn ọjọ́ Gouka yẹn, mo pè é lórí fóònù, mo sọ fún un pé bàbá arúgbó náà béèrè rẹ̀. Ó wá ní òun kò bá dókítà jà, òun yóò wá a lọ, òun yóò sì kí i. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ ètò ní kóòtù Savalou láti yọ Adéodat kúrò nínú orúkọ òun kí ìyàwó òun tó bímọ, pé kí n wá jẹ́rìí fún òun pé Ayédùn ni ilé fi ń pe òun. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tójú mi rí." Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Ó ní kí n má lọ, pé orúkọ yẹn nìkan ni ohun rere tí òun ṣe fún ọmọ náà, òun sì fọwọ́ ara òun bà á jẹ́.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń gbọ́, ẹ̀kọ́ tèmi kò ju èyí lọ: bí ara ilé bá sọ ọ̀rọ̀ sí yín létí nípa ìyàwó yín, ẹ bi ìyàwó yín, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ gbọ́ kí ọmọ tó dàgbà. Ọmọ kì í dúró de àgbà tó ń ronú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni mo ní ìbéèrè fún. Bí mo bá jẹ́rìí, mo ti gba ohun kan ṣoṣo tí ọkọ mi ní lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti darúgbó. Bí n kò bá jẹ́rìí, mo ti bá ọkọ mi pa ẹnu pọ̀ sí ọmọ wa nígbà kejì, torí mo dákẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn pé kí ilé má baà tú. Àwọn méjèèjì ń pè mí lójoojúmọ́. Kí ni kí n ṣe?