Ẹyẹ Tí Kò Sí Lórí Òkè Náà

Súfèé kan wà tó ti ń dún létí mi láti kékeré: mẹ́ta kúkúrú, ọ̀kan gígùn, bí ohùn àparò nínú koríko ẹsẹ̀ òkè Ìgbẹ́tì. Rótìmí ọ̀rẹ́ mi ló máa ń súfèé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdẹ ni. Bàbá rẹ̀ kọ́ wa pé a kì í pe orúkọ ènìyàn nínú igbó, torí a ò mọ ẹni tí yóò jẹ́ ẹ. Bí àparò ni kí a máa dún, kí ẹnìkejì sì dún padà. Ohùn yẹn ló ń pa mí lọ báyìí, kì í ṣe kíndìnrín tí dókítà ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. N kò lè gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

A jọ dàgbà, a jọ wá sí Amẹ́ríkà, a jọ ń gbé Springdale ní ìpínlẹ̀ Maryland. Nígbà tí a fẹ̀yìntì, àwọn ẹgbẹ́ wa ń kọ́lé sí Lẹ́kí. Àwa ra bàtà òkè àti awò tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Maryland di ilé wa kejì. A ó jókòó sórí àpáta, a ó máa jẹ mọ́ínmọ́ín, a ó máa wo àgbọ̀nrín tó ń mu omi àti idì tó ń yí po lókè. Béárì nìkan ni a ò tíì rí. Òfin bàbá ọdẹ kò sì yí padà: àparò ni. Kò sí àparò kankan lórí òkè yẹn, ìyẹn ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ burúkú náà, nínú oṣù kẹwàá, a rí ipa ẹsẹ̀ béárì nínú ẹrẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo ní ó gba ọ̀tún. Rótìmí bú sẹ́rìn-ín.

“Jídé, ìwọ tí ajá aládùúgbò ń lé wọlé! Ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọmọ ọdẹ ní ipa ẹran?”

“Máa gba òsì rẹ lọ,” mo ní. “Tí o bá sọnù, má pè mí.”

Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Ẹnu mi yìí tí mo fi ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo gba ọ̀tún. Kò pẹ́ tí béárì fi yọ, ìyá àti ọmọ méjì, wọ́n ń họ ìdí igi tó ti jẹrà. Omi bọ́ lójú mi fún ayọ̀. Ìgbà náà ni súfèé dún láti inú kòtò ọwọ́ òsì. Mo wí nínú ara mi pé, “Ó ti mọ̀ pé òun ló ṣìnà. Kó dúró ná.” Ó tún dún. Bí mo bá dáhùn, béárì lè sá, tàbí kó kọjú sí mi. Mo pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ẹran náà lọ, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sínú mọ́tò, mo ń retí kó wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò wá. Mo wakọ̀ lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo pe àwọn aṣọ́gbó, mo pe Túndùn ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò pè yín ni? Ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá?”

Ṣé kí n sọ pé mo gbọ́, àmọ́ ẹranko ni mò ń wò? “Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Túndùn.”

Ì bá ṣe pé ibẹ̀ ló parí sí! Mo padà lọ bá àwọn aṣọ́gbó lẹ́sẹ̀ òkè. Tọkọtaya òyìnbó kan tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sọ fún àwọn aṣọ́gbó pé àwọn gbọ́ ẹyẹ kan nínú kòtò, ẹyẹ tí àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Anna, ọ̀gá aṣọ́gbó, yíjú sí mi: “Sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹyẹ, ẹyẹ wo nìyẹn?” Nínú gbogbo òkè náà, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ẹyẹ yẹn ní ìyàwó ní Springdale. Àmọ́ mo ti purọ́ fún ìyàwó náà. Mo mi orí. “Mi ò mọ̀ ọ́n.” Wọ́n kọjá kòtò náà, wọ́n gba ojú ọ̀nà lọ sókè.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí Rótìmí nínú kòtò náà. Ó ti já sínú rẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ fọ́, kò lè kígbe. Súfèé nìkan ló kù ú lẹ́nu. Anna ní òtútù ló pa á, ó wà láàyè títí di ìdájí. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ fúnra mi, pé lọ́dọ̀ tiwa, àgbà ló ń túfọ̀. Ó gbà. Mo fi àṣà àwọn bàbá wa bo ara mi láṣìírí: mo sọ fún Túndùn pé lójú ẹsẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú.

Láti ọjọ́ náà ni Túndùn ti ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi. Zoe, ọmọ wọn, ló ń fi mọ́tò gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Cheverly. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu sọ fún mi nínú mọ́tò: “Àǹkù, Dádì ò pè yín. Ó kú kíá. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí n sùn.”

Èmi kò sùn mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ tilẹ̀ ń bínú, bí ẹnìkejì yín bá pè, ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ìjà á dúró dè yín. Èmi ti dáhùn títí láti ìgbà náà, mo ń súfèé nínú yàrá mi bí wèrè, kò sẹ́ni tó dún padà.

Ní àárọ̀ yìí, kí ọbẹ̀ tó dé, mo fi èyí ránṣẹ́ sórí fóònù Túndùn:

“Túndùn, ọkọ rẹ pè. Ó ń pè bí àparò, mo gbọ́ ọ, n kò dáhùn. Ìdájí ló kú. Jọ̀ọ́, má gbé ọbẹ̀ wá fún mi mọ́.”