Ẹni Tó Tú Síkúrù Ilé Fíúsì

Albert kọ̀, kò jókòó. Ó dúró sáàárín pálọ̀ Alájà Hafeezah ní Mọ́lípa, ó ní bí òun bá fìdí kan àga, ọ̀rọ̀ náà á tún sá padà sí òun láyà, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́jọ ló ti ń rà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ni àwọn dókítà máa la àyà òun. Òun ò fẹ́ kí wọ́n bá irọ́ níbẹ̀. Micah, tó ti ṣiṣẹ́ nínú ilé náà rí, jókòó ti Helen ìyá rẹ̀. Ayépé ni wọ́n ti wọkọ̀ wá. Micah ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò.

Nígbà tí Alájà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló kó ẹ̀rọ mẹ́fà tó ń wa bítíkọ́ìnì, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sí yàrá ẹ̀yìn. Albert ló fa waya ibẹ̀, òun ni ọ̀gá. Micah ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí fíúsì ńlá ara ògiri fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tó ń rùn, tó sì ń jó. Albert pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wò ó bóyá iná tí ẹ̀rọ ń fà ló pọ̀ jù, kò pọ̀. Nígbà tí Alájà bi í, ìtìjú mú un, ó sọ ohun tí kò mọ̀: “Alájà, kì í ṣojú lásán o. Ẹnì kan ló ń fọwọ́ kàn án.”

“Ta ni?”

“Ẹni mélòó ló ń wọ yàrá yẹn?”

Láti ọjọ́ náà, ojú Alájà ò kúrò lára Micah mọ́. Bó bá tilẹ̀kùn, Alájà á ṣí i. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, Alájà á tẹ́tí. Ìkọ́kọrẹ́ tí Helen máa ń fi rán ọmọ sí i, adìyẹ ló wá ń jẹ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Micah pe Albert. “Ọ̀gá, fíúsì ò jẹ̀bi. Síkúrù tó di waya mú nínú ilé fíúsì ló dẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe ń mì. Ibi tó ti ń mì náà ló ti ń gbóná.” Ó dì í le. Odidi ọjọ́ mẹ́rin, fíúsì tutù. Albert yìn ín lẹ́nu, àmọ́ inú rẹ̀ dàrú. Ta ló fi síkúrù sílẹ̀ láìdì? Òun náà ni. Bí Alájà bá gbọ́, òun ni yóò jẹ́ òpùrọ́, òun náà ni kò mọṣẹ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, kí Micah tó dé, Albert pa iná, ó tú síkúrù náà ní yíyí kan ààbọ̀, ó sì tan iná padà. Ó ṣáà fẹ́ kó rùn díẹ̀ ni. Ó wá sọ fún Alájà pé, “Ẹ yọjú síbẹ̀ tó bá di ọ̀sán.” Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí iná fi sọ. Micah ìbá sá, ṣùgbọ́n Alájà wà nínú ilé tó ń kírun. Micah di ọwọ́ tí wọ́n fi ń pa iná mànàmáná mú, ó fà á wálẹ̀, ike gbígbóná sì yọ́ sí i lọ́wọ́. Bí Alájà ṣe bá a níbẹ̀ nìyẹn. “Mo mú ẹ lónìí!”

“Ọ̀gá Albert, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti dì í!”

Albert wò ó lójú kòrókòró. “Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

Bí Albert ti ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán ní pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí wọ́n forí ji òun, ní ti Ọlọ́run. Helen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ mi fi wà látìmọ́lé tí ọwọ́ rẹ̀ ń kẹ̀, o mọ̀?”

“Mo mọ̀, mà.”

“O rí oorun sùn?”

“Mo sùn, mà.”

Micah yọ ọwọ́ jáde. Ìka méjì ò ká mọ́. “Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi orúkọ yín sí i. Ibi tí mo bá wáṣẹ́ dé, wọn ò ní bi mí bóyá ẹ bẹ̀ mí. Ohun tí wọ́n á bi mí ni ta ló ṣe é.”

Albert kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì buwọ́ lù ú. Alájà na ọwọ́ sí bírò náà.

“Gbé e fún mi, kí n kọ tèmi sí i. Èmi ni mo pe ọlọ́pàá mú un.”