Ikọ́ Tó Gba Dìgírì

Irọ́ ni mo pa fún ọmọbìnrin yunifásítì tó wá ṣèwádìí ikọ́ àwa òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun wa l'Ágége. Mo ní èmi kì í wúkọ́, torí ẹni tó bá wúkọ́ lójú ọ̀gá wa, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ògbà, ni mo bá gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà lẹ́yìn mi. Ìyá kan tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Mà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti gba ìwádìí mi wọlé!"

"Èyí tí o kọ ikọ́ mi sí?"

"Òun ni, mà. Ọ̀gá yín náà kà á. Wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ tó máa fa eruku síta bọ̀."

"Háà! Ikọ́ tí ọkọ mi ní kí n máa lọ wú níta! Ikọ́ mi ti gba dìgírì!"

Oníkẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́, mà, kí àwọn yòókù tó lanu. Ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan wà l'Ágége, gbogbo wọn ní ara àwọn le. Mi ò rí nǹkan kan kọ fún ọ̀gá wọn."

"Ara le, tí eruku kún imú! Pa dà lọ bi wọ́n, ọmọ mi."

Ikọ́ dé sí mi lọ́fun. Mo gbé e mì títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀. Inú mi dùn fún ìyá náà, àmọ́ mo ṣì jẹ ọmọbìnrin yẹn ní gbèsè òótọ́ kan.